Jìbìtì Ilé Kẹtàdínlógún, Òpópónà Tansley

Lẹ́tà náà kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni lára. "Ẹni tó ń gbé inú ilé yìí" ni wọ́n kọ sí ojú àpò rẹ̀. Ó já bọ́ láti ihò lẹ́tà ẹnu ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Karùn-ún, òun pẹ̀lú ìwé ìpolówó písà méjì. Glenys Haldenby ti ṣa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nílẹ̀, ó ti ń gbé wọn lọ síbi garawa ìdọ̀tí, kí ojú rẹ̀ tó bá ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi yíǹkì pupa tẹ̀: KÓÒTÙ.

Ó fi ọ̀bẹ ìdáná ya á lórí ìdúró.

Bánkì kan ló kọ ọ́. Wọ́n ní àwọn tó fi ilé kẹtàdínlógún ní Òpópónà Tansley, Grimsby, dógò lọ́dọ̀ àwọn ti jẹ owó oṣù mẹ́jọ. Wọ́n ti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù. Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹfà ni adájọ́ yóò gbọ́ ọ. Bí adájọ́ bá dá àwọn láre, kí ẹnikẹ́ni tó bá wà nínú ilé náà palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

"Clive," ni Glenys pè. "Ilé wa ni wọ́n ń sọ níbí."

Ọkọ rẹ̀ wà lórí àga rẹ̀ létí fèrèsé, ọ̀pá rọ́bà tín-ín-rín ní ihò imú rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fún un ní atẹ́gùn ń mí hìì-hìì lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni Clive fi pẹja lórí omi Iceland àti Norway. Ní báyìí, bó bá gun àtẹ̀gùn ilé mẹ́ta, yóò jókòó sórí ìkẹrin.

"Bánkì wo?"

"Ti àtijọ́."

"Èyí tí a ti san tiẹ̀ tán?"

"Èyí tí a ti san tiẹ̀ tán."

Ẹ̀rọ ń mí.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí. Oṣù mẹ́rìnlá sẹ́yìn ni wọ́n gbé ìdógò ilé wọn kúrò ní bánkì àtijọ́ lọ sí bánkì tuntun, torí pé èlé ti tuntun kéré, wọ́n sì fẹ́ kí èyí tó kù lọ́wọ́ wọn tó tún òrùlé ṣe, kó sì tún tó kọ́ ilé ìwẹ̀ sí ìsàlẹ̀ fún Clive. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ lọ́yà ló ń gbà kọjá. Bánkì tuntun a fi owó ránṣẹ́ sí lọ́yà, lọ́yà a fi san gbèsè bánkì àtijọ́, a sì wá kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìwé ilẹ̀ pé kí wọ́n pa orúkọ ti àtijọ́ rẹ́ lórí ilé, kí wọ́n kọ ti tuntun sí i. Lọ́yà tiwọn ni Lionel Scrimshaw.

Ta ni kò mọ Scrimshaw ní Grimsby? Òun ló ṣe ìwé ilé fún ìyá Glenys. Òun ló ń ṣe adájọ́ nígbà tí àwọn olóko ẹ̀yìnkùlé bá ń díje ta ni àlùbọ́sà rẹ̀ tóbi jù. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀, gbogbo obìnrin tó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún ni "ọmọ dáadáa" lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí Glenys bá sì bi í pé ìwé ilé ńkọ́, ìdáhùn kan náà ni:

"Ọ́fíìsì ìwé ilẹ̀ ló ń fà á, ọmọ dáadáa. Ẹ mọ̀ wọ́n."

Wọ́n mọ̀ wọ́n lóòótọ́. Ní gbogbo ilẹ̀ England, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé iṣẹ́ ọ́fíìsì náà ń pẹ́. Àbúrò Clive dúró fún ọdún kan àti ààbọ̀ kí orúkọ rẹ̀ tó wọ ìwé ilé tó rà ní Louth. Irọ́ tó bá bá òtítọ́ tan, ta ni yóò dá ojú rẹ̀ mọ̀?

Glenys gbé fóònù.

"Ọ̀gbẹ́ni Scrimshaw, bánkì àtijọ́ fẹ́ gba ilé mi."

"Kí lẹ wí?" Ó rẹ́rìn-ín. "Àṣìṣe ni. Orúkọ wọn ṣì wà nínú ìwé ni, kọ̀ǹpútà wọn rò pé ẹ ṣì jẹ wọ́n. Ṣé ẹ rí ohun tí ọ́fíìsì yẹn ń fà lẹ́sẹ̀?"

"Ẹ fún mi ní nọ́ńbà ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn."

Glenys gbọ́ bí ó ṣe ń ṣí ìwé, tàbí bí ó ṣe ń ṣe bí ẹni ń ṣí ìwé. Lẹ́yìn náà ó ka nọ́ńbà kan fún un. Glenys kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ìpolówó písà.

Ìṣẹ́jú márùndínlọ́gọ́ta ló fi gbọ́ orin dùùrù kí ẹnì kan ní ọ́fíìsì ìwé ilẹ̀ tó gbé fóònù. Obìnrin ni, ohùn ará Wales ló ní.

"Màdáámù, nọ́ńbà yìí kì í ṣe ti ilé yín. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn la ti parí iṣẹ́ orí rẹ̀."

"Ẹ wá bá mi wo ti ilé mi nígbà náà."

Ó tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀, taka-taka-taka.

"Kò sí nǹkan kan níbí."

"Ẹ ní kò tíì kàn án?"

"Rárá, mà. Ẹ gbọ́ mi yé. Tí ìwé bá wà lórí ìlà, mo máa rí i pé ó wà lórí ìlà. Tiyín ò dé ọ̀dọ̀ wa rí. Ẹnikẹ́ni ò kọ̀wé sí wa lórí ilé yín láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn."

Ojú ti Glenys. Oṣù mẹ́rìnlá ló fi bú àwọn èèyàn yìí. Ó bú wọn níbi iṣẹ́, ó bú wọn nílé ọtí, ó bú wọn fún pásítọ̀.

Ó pe bánkì àtijọ́. Ọkùnrin tó dá a lóhùn bi í ní ọjọ́ ìbí rẹ̀, orúkọ ìyá rẹ̀ nígbà omidan, àti ìlú tí wọ́n bí i sí, kó tó sọ ohun tó wà níwájú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó san gbèsè náà tán. Ẹnì kan san owó oṣù mẹ́fà, ó sì dáwọ́ dúró. Lẹ́tà mọ́kàndínlógún ni bánkì ti kọ.

"Mi ò rí ẹyọ kan."

"Lọ́yà yín ló ní ká má kọ̀wé sílé mọ́, mà. Ó ní ẹ ti lọ ń tọ́jú aláìsàn níbòmíì. Àpótí lẹ́tà kan ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Grimsby la ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí. Èyí tí òfin ní ká kọ sí ẹni tó ń gbé ilé náà nìkan ló wá sílé."

Glenys bọ́ épírọ́ọ̀nù. Clive fẹ́ dìde.

"Jókòó," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Tí o bá ṣubú, wàhálà méjì ni màá máa gbé."

Orí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ran bàtà ni ọ́fíìsì Scrimshaw wà. Pauline Utterby, akọ̀wé rẹ̀ láti ọdún méjìlá, fẹ́ ní kí Glenys jókòó, ṣùgbọ́n ó ti kọjá lára rẹ̀. Scrimshaw wà nídìí tábìlì, bisikíìtì kan lọ́wọ́ rẹ̀.

"Glenys! Ṣé ẹ máa mu tíì?"

"Níbo lowó wà?"

"Owó wo?"

"Èyí tí bánkì tuntun fi rán yín pé kí ẹ fi san ti àtijọ́. Mo ti bá ọ́fíìsì ìwé ilẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ ò kọ nǹkan kan sí wọn rí."

Ó gbé bisikíìtì sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni pé ẹyin ni.

"Ohùn yẹn ò dáa, ọmọ dáadáa. Ẹni tó bá ba lọ́yà lórúkọ jẹ́, ilé nìkan kọ́ ló máa fi san án. Ṣé ẹ fẹ́ kí n gbé yín lọ sí kóòtù pẹ̀lú ọkọ yín bó ṣe wà yẹn?"

"Ẹ má dárúkọ ọkọ mi. Àpótí lẹ́tà ta ni lẹ ní kí bánkì máa kọ̀wé sí?"

Àwọ̀ ojú rẹ̀ yí padà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ogún ọdún tí Glenys ti mọ̀ ọ́n, kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó tún táì rẹ̀ ṣe.

"Ó dáa. Fáìlì yín wà ní yàrá ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí n gbé e wá, kójú yín lè rí òtítọ́."

Ó jáde. Glenys dúró. Aago orí ògiri lu ìdajì wákàtí. Lójijì ni wọ́n gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì mọ́tò kan bú ramúramù lẹ́yìn ilé. Pauline sáré dé fèrèsé.

"Àtẹ̀gùn ẹ̀yìn!" ló kígbe. "Ó ti lọ!"

Sájẹ́ńtì Imtiaz Rafiq ló gba ẹjọ́ náà ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ọkùnrin gíga kan ni, tí kì í sọ̀rọ̀ méjì níbi tí ẹyọ kan bá ti tó. Ó rán ọlọ́pàá méjì lọ sílé Scrimshaw. Ilẹ̀kùn wà ní títì, wọ́n fi ipá ṣí i; tíì tó wà nínú kọ́ọ̀bù ìdáná ṣì ń lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, ológbò ń jẹun. Wọn ò bá èèyàn níbẹ̀. Rafiq wá yíjú sí Pauline.

"Ta ló ń ṣí àpótí lẹ́tà yẹn?"

"Òun fúnra rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kì í kúrò lára okùn aago rẹ̀."

"Ẹ ò béèrè ohun tó wà níbẹ̀?"

"Mo béèrè lẹ́ẹ̀kan. Ó ní ọ̀rọ̀ àdììtú oníbàárà ni."

"Ọdún méjìlá, ẹ̀ẹ̀kan péré?"

Omijé lé ròrò sójú Pauline. "Ọ̀gá mi ni, sà. Ẹ̀yin náà ẹ máa ń bi ọ̀gá yín léèrè lẹ́ẹ̀mejì?"

Rafiq ṣí ìwé rẹ̀ sí ojú ewé mìíràn. "Ẹ ronú dáadáa. Kí ló ṣe lẹ́nu ọjọ́ mélòó kan yìí tí kì í ṣe tẹ́lẹ̀?"

Ó ronú. Ó fi ìka tẹ iwájú orí.

"Táyà. Lọ́jọ́ Sátidé ó ní kí n bá òun ra táyà méjì fún káráfánì rẹ̀, ilé kékeré tó máa ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò lọ sí ìsinmi. Oko àgbẹ̀ kan ní Laceby ló ń gbé e sí. Ọdún mẹ́ta ni ò ti fọwọ́ kàn án."

Rafiq pe àgbẹ̀ náà. Àgbẹ̀ ní ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ni, kò tíì tó ogún ìṣẹ́jú, kò tilẹ̀ dúró gba ṣéńjì.

"Ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Rotterdam, lókè òkun," ni Rafiq wí, ó ti ń wọ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀. "Hull ló ti ń ṣí. Bó bá fi lè gun afárá Humber sọdá sí Hull, ó lọ nìyẹn. Ẹ̀yin obìnrin méjèèjì, ẹ máa lọ sílé."

"Ilé wo lẹ ní kí n lọ?" ni Glenys bi í.

Sájẹ́ńtì ti sáré jáde.

Mọ́tò Pauline ni àwọn obìnrin méjèèjì wọ̀ lọ sí afárá. Ó kéré, ó pupa, ẹ̀fúùfù sì ń gbá a kiri lójú ọ̀nà bí ìwé. Láti òwúrọ̀ ni atẹ́gùn ọjọ́ náà ti ń fẹ́ láti orí òkun, ó ń fa aṣọ ya lórí okùn, ó ń tú àwọn ẹyẹ òkun ká. Glenys di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú.

"Mi ò mọ̀," ni Pauline ń wí, léraléra. "Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò mọ̀."

"Wo iwájú rẹ. Tí o bá pa mí kí n tó rí i, mi ò ní dárí jì ọ́."

Wọ́n dé Barton. Níbi tí ọ̀nà ti ń yọrí sí afárá, pátákó iná ńlá kan ń tàn yanran: ATẸ́GÙN LE. KÒ SÍ ÀYÈ FÚN KÁRÁFÁNÌ ÀTI ỌKỌ̀ GÍGA. Àwọn mọ́tò kéékèèké ń kọjá. Àwọn tó wúwo, tó ga, ti yà sí ibi ìgbọ́kọ̀sí lábẹ́ afárá, wọ́n ń dúró kí atẹ́gùn rọlẹ̀.

Wọ́n wọ ibẹ̀. Ọkọ̀ ńláńlá mẹ́rin, bọ́ọ̀sì àwọn arúgbó kan, káráfánì mẹ́ta. Èyí tó gbẹ̀yìn funfun, ewédò ti hù sí igun fèrèsé rẹ̀, táyà rẹ̀ sì dúdú mìnìjọ̀ bí èyí tí wọ́n rà lánàá. Scrimshaw dúró níwájú rẹ̀, ó gbójú sókè sí pátákó iná, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Pauline kò bi ẹnikẹ́ni. Ó wa mọ́tò pupa rẹ̀ lọ dúró ní gbọnrangandan níwájú ti ọ̀gá rẹ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó jù ú sínú ìkọ́mú rẹ̀.

"Pauline! Gbé mọ́tò yẹn kúrò!"

"Ọ̀rọ̀ àdììtú oníbàárà ni, sà."

Ọwọ́ ń yún Glenys láti gbá Scrimshaw lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó pe Rafiq ná, ó sọ ibi tí wọ́n wà. Kó tó gbé fóònù sílẹ̀, Scrimshaw ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìdè tó so káráfánì mọ́ mọ́tò rẹ̀. Ó fẹ́ tì í sẹ́yìn, kó fi í sílẹ̀, kó yí mọ́tò nìkan jáde, kó gun afárá. Ó sáré wọ inú káráfánì lọ, ó gbé báàgì aláwọ̀ kan jáde, ó sì padà sídìí ìdè.

Glenys lọ jókòó lé irin ìdè náà.

Ogún ọdún ni obìnrin yìí ti ń gbé páálí ẹja tútù ní ilé ìyanja. Kò sanra, ṣùgbọ́n bó bá jókòó, ó jókòó ni.

"Dìde níbẹ̀."

"Rárá o. Atẹ́gùn ń fẹ́, mo ń sinmi."

"Màá ti mọ́tò yìí pẹ̀lú rẹ lórí ẹ̀!"

"Tì í. Àwọn arúgbó inú bọ́ọ̀sì yẹn ń wò ọ́. Méjì nínú wọn ti ń ya fọ́tò."

Ó wo ẹ̀yìn. Òótọ́ ni. Ó bá lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀, òógùn ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀.

"Gbọ́, Glenys. Owó wà nínú báàgì yìí. Màá fún ọ ní tìrẹ lónìí. Gbogbo ẹ̀. Ìwọ á san bánkì, ọkọ rẹ á sùn lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Dìde, kí Pauline ṣí ọ̀nà. Tìrẹ nìkan, màá san án pé."

Ọkàn Glenys lọ sílé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó rí Clive, ó rí ẹ̀rọ, ó rí ilé ìwẹ̀ tuntun tó wà ní ìsàlẹ̀. Ó ku díẹ̀ kó dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tẹlẹ̀.

"Tèmi nìkan?" ló wí. "Ti ta ló tún kù?"

Scrimshaw pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó pẹ́ jù.

"Mélòó ni wá?"

Ó yíjú sí ojú ọ̀nà.

"Mo ní mélòó ni wá, Lionel?"

Ẹsẹ̀ Glenys kúrò nílẹ̀. Ó tún ìdí gbé lórí irin, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Báyìí ni mọ́tò ọlọ́pàá méjì tó ti kọjá lọ sí Hull yọ padà láti orí afárá, ariwo wọn gba gbogbo abẹ́ afárá. Scrimshaw ju báàgì sẹ́yìn, ó sáré gba ọ̀nà etí odò, bàtà aláwọ̀ rẹ̀ ń yọ̀ nínú ẹrẹ̀. Kò rìn jìnnà. Ọlọ́pàá obìnrin kan mú un ní kọ́là níbi tí koríko ti parí tí ẹrẹ̀ Humber ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́ pẹ̀lú ẹrẹ̀ títí dé orúnkún.

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì káráfánì ni Rafiq ti fa àpótí kan jáde. Fáìlì mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àdírẹ́sì ilé kan lára, àti òkìtì lẹ́tà bánkì tí wọ́n fi rọ́bà dè. Ti Glenys ló wà lókè. Ti ìsàlẹ̀ pátápátá ni orúkọ rẹ̀ mú kí Pauline fi ọwọ́ bo ẹnu: ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni, opó, ní Cleethorpes.

"Èmi ni mo mú un wá sọ́dọ̀ rẹ̀," ló wí. "Èmi fúnra mi."

Ní àgọ́, Scrimshaw kọ́kọ́ ní òun kò ní sọ̀rọ̀. Rafiq to fáìlì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà síwájú rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kò yára.

"Ta lẹ kọ́kọ́ jà lólè?"

"Mi ò jalè. Mo yá a ni."

"Ta ló mọ̀ pé ẹ yá a?"

Ó ti fáìlì tó wà lókè sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Kí lẹ fi ṣe?"

"Ilé ìgbafẹ́ kan tí wọ́n fẹ́ kọ́ sétí òkun ní Spain. Wọ́n ní yóò di ìlọ́po méjì. Iṣẹ́ náà dojú dé. Mo wá fi owó ẹnì kejì bo ihò ẹni àkọ́kọ́, ti ẹni kẹta bo ti èkejì."

"Kí ló dé tí ẹ ò bẹ̀rù pé wọ́n á mọ̀?"

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ rírọ̀ tó wà lórí tábìlì.

"Kí ni wọ́n máa fi mọ̀? Bí wọ́n bá béèrè, mo ní ọ́fíìsì ìwé ilẹ̀ ló ń pẹ́. Bánkì tuntun béèrè, ohun tí mo sọ fún wọn náà nìyẹn. Gbogbo èèyàn ló gbà á gbọ́. Àwọn míì tiẹ̀ ń bá mi kẹ́dùn." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Èmi ni mo ṣe é."

Lọ́jọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹfà, Glenys wọ aṣọ tó wọ̀ síbi ìsìnkú ìyá rẹ̀, ó lọ dúró níwájú adájọ́. Ẹjọ́ kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Rafiq ti kọ̀wé, bánkì àtijọ́ fúnra rẹ̀ ló ní òun kò béèrè ilé náà mọ́. Ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà ní owó kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn tí ọmọ ẹgbẹ́ wọn bá lù ní jìbìtì; láti inú rẹ̀ ni wọ́n ti san gbèsè ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ẹ̀gbọ́n Pauline kò bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún oṣù méjì, lẹ́yìn náà ó gbé àkàrà òyìnbó kan wá sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó sì wọlé jókòó. Ẹ̀wọ̀n ọdún méje ni wọ́n dá fún Scrimshaw. Nígbà tí wọ́n ń mú un sọ̀ kalẹ̀, ó wojú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó jókòó ní ìlà kan, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó dúró gbọ́.

Nínú oṣù Kẹsàn-án, Glenys ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé nígbà tí Clive pè é. Nígbà tó máa wọlé, ọkọ rẹ̀ ti dìde lórí àga, ó ti rìn dé ẹnu ọ̀nà fúnra rẹ̀, ọ̀pá rọ́bà nà tàn-án-tàn lẹ́yìn rẹ̀, ìwé kan láti ọ́fíìsì ìwé ilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?" ni Glenys bi í.

Clive mí. Ó mí lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Orúkọ wa," ló wí. "Bánkì tuntun. Kò sí ẹlòmíì."

Glenys gba ìwé náà, ó kà á, ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ló mú ọkọ rẹ̀ lápá, ó rọra ràn án lọ́wọ́ padà sórí àga, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbé orí lé e lórúnkún, ó sì sunkún tẹ́rùn.